Páásíwọ̀dù Tí Gbogbo Ilé Mọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n wá kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé ohun tí mo fi ń jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì ni pé mo ń to fọ́tò àwọn ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà, mo sì ń tì í pa, ọ̀rọ̀ náà sì pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, bi mí níwájú gbogbo wọn pé, "Mummy, ṣé ìyẹn náà niṣẹ́?" Iṣẹ́ ni o, ọmọ mi. Òun ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, òun ni àwọn ènìyàn láti Èjìgbò títí dé Àjàó Estate fi ń wá mi. Bí o bá ní sùúrù, jókòó, kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ, àti bó ṣe fẹ́ bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìyá Ṣèyí ni wọ́n mọ̀ mí sí ní Ìsọlọ̀. Olùkọ́ ni bàbá mi, olùkọ́ ni ìyá mi, Èkìtì ni wọ́n ti wá sí Èkó, wọ́n sì ti pinnu pé olùkọ́ ni èmi náà yóò jẹ́. Èmi kò fẹ́. Ilé fọ́tò kan wà lójú ọ̀nà ilé ìwé wa tí wọ́n to fọ́tò sí ojú gíláàsì rẹ̀ níta, ojoojúmọ́ ni mo sì máa ń dúró wò ó títí n ó fi pẹ́ dé ilé ìwé. Nígbà tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde tán, mo sọ fún bàbá mi pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n wọ agbádá, wọ́n mú mi lọ. Bí wọ́n ṣe kọ ìwé àdéhùn àti ohun tí wọ́n san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, kò gùn, kò sì dùn.

Ọ̀gá Ràímì lorúkọ ọ̀gá mi, ọmọ bíbí Ìsọlọ̀, ènìyàn kúkúrú tó máa ń wọ ṣòkòtò funfun ṣiṣẹ́ nídìí kẹ́míkà, tí kẹ́míkà kò sì ta sí i rí. Ó le. Kì í lu ènìyàn, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nìkan tó láti mú kí o tún iṣẹ́ rẹ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká tó fọwọ́ kan nẹ́gẹ́tífù, fíìmù tí fọ́tò ti ń jáde, a ó fọ ọwọ́ wa lẹ́ẹ̀mẹta, a ó nà án sí i, yóò sì gbóòórùn ìka wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbóòórùn àkàrà níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ ti parí lọ́jọ́ yẹn. Odidi oṣù mẹ́fà ni mo fi ń pọn omi, tí mo ń fọ àwo kẹ́míkà, kí ó tó jẹ́ kí n wọ yàrá òkùnkùn tí gílóòbù pupa wà, níbi tí fọ́tò ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tí ojú ènìyàn ń jáde bọ̀ lára pépà funfun, mo pariwo. Ọ̀gá ní kí n lọ pariwo tán níta kí n tó padà wọlé.

Ohun tó le jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni bó ṣe ń tọ́jú nẹ́gẹ́tífù. Inú ànfílóòpù ni ó ń kó o sí, ó ń to àwọn ànfílóòpù náà sínú àpótí kan, nọ́ńbà nìkan ló sì ń kọ sí ẹ̀yìn wọn. Kò sí orúkọ. Orúkọ wà nínú ìwé ńlá kan tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ bíi tírà. Mo ní wàhálà lásán ni. Mo bi í pé kí ló dé tí a kò kọ orúkọ oníbàárà sára ànfílóòpù rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹni tó bá jí àpótí yìí, nọ́ńbà ló jí. Ẹni tó bá jí ìwé yẹn, orúkọ ló jí. Àfi tó bá jí méjèèjì."

Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà á láàmú. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà náà, mo sì mọ gbogbo nǹkan.

Ẹnu mi ló kọ́kọ́ kó mi sí wàhálà. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa, Ìdòwú, wá ya fọ́tò pẹ̀lú aṣọ sójà. Lọ́sẹ̀ yẹn, mo pàdé ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Mo ní, "Ẹ kú oríire o, Ìyá Ìdòwú, aṣọ sójà yẹn mà bá a mu o!" Obìnrin yìí kò mọ̀ pé ọmọ òun ti lọ wọṣẹ́ ológun. Ó ju búrẹ́dì sílẹ̀, bàtà rẹ̀ yọ sójú títì, kò bojú wẹ̀yìn, igbe rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò fi gbọ́. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìdòwú ti wà níwájú ọ̀gá mi, sójà tó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ọ̀gá kò bú mi. Ó gbé àga kan sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n jókòó síbẹ̀. Fún oṣù kan gbáko, oníbàárà tó bá ti wọlé, n ó dìde, n ó kúnlẹ̀, n ó sì sọ pé, "Ẹ káàbọ̀ o. Èmi ni ọmọ iṣẹ́ tó máa ń sọ̀rọ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan yí padà, wọ́n gbé fọ́tò wọn lọ síbòmíràn. Ojú tì mí débi pé mo ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí mo bá rí nínú fọ́tò ènìyàn, ọ̀dọ̀ mi ló ń parí sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọ̀gá, ẹ má wá ẹni tó máa bá yín ṣeré o. Ẹ wá ẹni tó lè gbé yín jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo ṣí ilé fọ́tò tèmi sí Ìsọlọ̀. Mo ya ìkómọ, mo ya ìgbéyàwó, mo ya òkú. Ẹ̀rọ tó ń fọ fọ́tò aláwọ̀ mèremère dé, mo kọ́ ọ. Kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé, mo ra òun náà. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, gbogbo ayé sì di ayàfọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣọ̀fọ̀. Ọ̀kan lọ ń ta símẹ́ǹtì, òmíràn kó ẹrù rẹ̀ padà sí Oǹdó. Nípàdé ẹgbẹ́ wa, ẹnìkan dìde, ó ní ká gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ fóònù yìí. Mo gba ti ọjọ́ kìn-ín-ní, ebi pa mí, mo sì rí i pé fóònù kò lọ síbì kankan. Mo ní kí n yáa lọ kọ́ kọ̀ǹpútà.

Èjìgbò ni mo ti kọ́ ọ. Àbíkẹ́yìn mi dàgbà ju àwọn mìíràn lọ nínú àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì. Nígbà tí olùkọ́ ní ká gbé máúsì lọ sókè, mo gbé e kúrò lórí tábìlì, mo nà án sójú òfuurufú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo bá wọn rín in. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, èmi ni wọ́n ń bi léèrè nǹkan.

Ibẹ̀ ni mo ti rí iṣẹ́ tí ẹlòmíràn kò rí. Gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ibi tí fọ́tò rẹ̀ wà. Ènìyàn á fẹ́ rí fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti kú, á máa wá a láàárín àwòrán abọ́ ìrẹsì àti rìsíìtì. Fóònù á já sómi, ọdún mẹ́wàá á bá a lọ. Mo bá kọ ọ́ sí ẹnu ìlẹ̀kùn mi pé: A Ń TO FỌ́TÒ, A Ń TỌ́JÚ FỌ́TÒ, A Ń TI FỌ́TÒ. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún bí oṣù méjì. Nígbà tó yá, wọ́n ń tò sẹ́nu ọ̀nà.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. N ó kó fọ́tò kúrò lórí fóònù oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, n ó ṣe ẹ̀dà kan sínú họ́ọ̀dù, àpótí kékeré tó ń gba fọ́tò, tí yóò gbé pamọ́ síbòmíràn, a ó wá jọ jókòó, n ó máa bi í pé, "Ta nìyí? Níbo nìyí?" Wọ́n kọ́ wa ní Èjìgbò pé ọjọ́ àti oṣù ni kí a fi to fọ́tò. Kò bá wa mu rárá. Kò sí ẹni tó wá bá mi rí pé, "Ìyá Ṣèyí, ẹ bá mi wá fọ́tò oṣù kẹta." Ohun tí wọ́n ń sọ ni, "Ẹ bá mi wá ìgbà tí Bàbá ṣílé." Nítorí náà, ìṣẹ̀lẹ̀ ni mo fi ń to tèmi: ìgbà tí Bàbá ṣílé, ìgbà tí Kẹ́hìndé ṣe iṣẹ́ abẹ, ìgbà tí a kó kúrò ní Òṣòdì. Ènìyàn á sọ gbólóhùn kan, fọ́tò rẹ̀ á sì yọ sí i kí ó tó sọ ìkejì.

Bàbá kan wà ní Àjàó Estate tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú. Àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ "Ẹ káàárọ̀" sí kún inú fóònù rẹ̀ dẹ́nu. Mo ní kí n pa wọ́n rẹ́ kí àyè lè wà. Bàbá fò dìde.

"Ta ló ní kí ẹ pa á rẹ́? Ọmọ mi obìnrin tó wà lókè òkun ló ń fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ tí mi ò bá rí i, mi kì í lè jẹun!"

Mo tọrọ àforíjì. Mo ṣí fódà kan fún un, mo pè é ní "Ọmọ Mi Ti Jí", mo sì to gbogbo òdòdó yẹn síbẹ̀ láti orí èyí àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, mi ò pa fọ́tò ẹnikẹ́ni rẹ́ láì kọ́kọ́ bi í.

Títì ló wá kù. Ènìyàn ní fọ́tò tí kì í ṣe fún gbogbo ojú: ti ojú ọgbẹ́, ti ìwé ilẹ̀, ti àfẹ́sọ́nà àtijọ́ tí wọn kò fẹ́ mọ́ ṣùgbọ́n tí wọn kò lè pa rẹ́. Mo ń fi páásíwọ̀dù ti irú fódà bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn oníbàárà mi máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yàn. Obìnrin kan gbàgbé tirẹ̀, ó gbé orí lé tábìlì mi, ó ń sunkún. Mo ronú ronú, ọgbọ́n kan sì sọ sí mi lọ́kàn: oríkì! Ta ni yóò gbàgbé oríkì ara rẹ̀? Àjọkẹ́, Àkànní, Àbẹ̀bí, Àlàbí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fi oríkì ti gbogbo fódà nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tún fún mi láyè láti kọ ọ̀rọ̀ ìránnilétí kan tí yóò yọ bí ènìyàn bá ṣì í tẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé: "Oríkì rẹ." Mo rò pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀.

Bọ́láńlé ló jẹ́ kí n mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Pápákọ̀ òfuurufú ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti Túnjí ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Àjàó Estate. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń wá ọmọ. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé pẹ̀lú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mi fúnra rẹ̀.

"Mummy Ṣèyí, mo ti lóyún. Ẹ máa bá mi yà á lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rí i títí n ó fi bímọ."

Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í kéde oyún lọ́dọ̀ wa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Bọ́láńlé ju ìyẹn lọ. Nígbà tí mo ń kó fọ́tò inú fóònù rẹ̀, mo rí ikùn kékeré kan, ó gbọ́wọ́ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo tún rí òmíràn, ti ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀. Oyún méjì ló ti bà jẹ́ lára rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bí kò ṣe ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní Adó-Èkìtì kò gbọ́ rárá. Ó tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ káàkiri pé ìyàwó ọmọ òun kò tíì lóyún rí láti ọjọ́ tó ti wọlé. Bọ́láńlé ń gbọ́, ó ń gbé e mì. Ó sọ fún mi pé bí ẹnikẹ́ni yóò bá gbọ́ nípa méjèèjì yẹn láéláé, òun fúnra òun ló gbọ́dọ̀ yan ọjọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi amòye ṣe. Mo kó oyún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú fódà kan ṣoṣo. Mo kọ orúkọ sí i lójú: "Oyún Bọ́láńlé". Mo fi Àbẹ̀kẹ́, oríkì rẹ̀, tì í. Mo sì gbé e sínú kọ̀ǹpútà ilé wọn.

Fúnkẹ́, àbúrò Túnjí, ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ó ń lọ sí ilé ìwé gíga. Ó mọ̀ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun lóyún, ojú rẹ̀ kò fọ́, wọ́n kàn ní kó pa ẹnu mọ́ ni. Ní oṣù kẹfà oyún náà, ó ń lo kọ̀ǹpútà yìí fún iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀, ó sì rí fódà mi. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, kò ṣí. Ọ̀rọ̀ ìránnilétí mi yọ sí i: "Oríkì rẹ." Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ìyá wọn máa ń pe Bọ́láńlé láti Adó, tí yóò máa kì í ní Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́, tí gbogbo ilé ń gbọ́. Fúnkẹ́ tẹ Àbẹ̀kẹ́. Fódà là gbàgà. Fọ́tò oṣù kẹfà ló wà lókè, ó sì rẹwà, nítorí èmi ni mo yà á. Inú ọmọ yìí dùn débi pé ó gbé e sórí fóònù rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ ti lè rí i, ó sì kọ "Ọlọ́run ti ṣe é!" sí i lábẹ́.

Kí wákàtí kan tó pé, ọmọ ìjọ kan ti fi han Màmá ní Adó. Màmá pe Túnjí lórí fóònù, ó ń jó, ó ń sunkún, ó ń bínú, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ lóyún, ẹ fi pa mọ́ fún èmi? Èmi?" Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wọkọ̀ ń bọ̀ l'Ékòó.

Bọ́láńlé wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ì bá pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

"Mummy, ẹ ní kò sẹ́ni tó lè ṣí i."

Mo fa àga fún un. Kò jókòó.

"Fúnkẹ́ ní fọ́tò tó wà lókè nìkan lòun rí. Mo gbà á gbọ́. Tó bá jẹ́ pé ó scroll wálẹ̀ díẹ̀ sí i ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ nǹkan tí ì bá rí."

Ó mú họ́ọ̀dù rẹ̀ tí mo ń kó fọ́tò oṣooṣù sí lórí tábìlì mi, ó jáde. Gbogbo ohun tí mo fi ń yangàn, ọmọ ilé ìwé kan ti fi ẹ̀ẹ̀mejì títẹ̀ tú u. Mo bínú sí ara mi gan-an ni. Mo rántí ọ̀gá mi tó fi orúkọ síhìn-ín, tó fi nẹ́gẹ́tífù sọ́hùn-ún. Èmi kọ orúkọ sí ojú àpótí, mo wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, mo tún kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ rèé.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Àjàó Estate, mo kúnlẹ̀ fún Bọ́láńlé nínú pálọ̀ rẹ̀, èmi tí mo lè bí i. Ó sáré gbé mi dìde, ó ní, "Mummy, ẹ má pa mí o, ẹ dìde." Ìyá ọkọ rẹ̀ yọjú láti yàrá, ó ní ta lèyí tó kúnlẹ̀ nínú ilé ọmọ òun. Mo ní èmi ni mo ya fọ́tò. Ó ní, "Fọ́tò yẹn dára o, kí lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?" Bọ́láńlé wò mí, ó fà mí lọ́wọ́ jáde. Ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé òun fún mi ní ààyè kan sí i, ẹyọ kan péré.

Mo lò ó dáadáa. Mo ya àwọn fọ́tò náà sọ́tọ̀ sí fódà méjì. Oyún tuntun wọ fódà tí mo kọ 7 sí, àwọn méjì àtijọ́ wọ fódà tí mo kọ 4 sí. Kò sí orúkọ, kò sí ọ̀rọ̀ ìránnilétí. Fún ti 7, mo ní kí Bọ́láńlé àti Túnjí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ronú kan nǹkan tí wọ́n ṣe ní kékeré tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, kí wọ́n fi odidi gbólóhùn kọ ọ́. Ti ìyàwó ṣáájú, ti ọkọ tẹ̀ lé e, ẹnìkan kò mọ ti ẹnìkejì, fódà náà kò sì lè ṣí àfi bí àwọn méjèèjì bá jókòó tì í. Ti 4, gbólóhùn Bọ́láńlé nìkan ni. Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, mo sì mọ̀ pé wọn kò ní gbàgbé, nítorí ta ló ń gbàgbé ìwà ìbàjẹ́ tó hù ní kékeré? Lẹ́yìn náà ni mo pe gbogbo oníbàárà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́wọ́ àṣìṣe mi, mo bá wọn pààrọ̀ tiwọn. Àwọn méjì kò padà wá mọ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Oyún pé oṣù méje, kọ̀ǹpútà ilé wọn já bọ́ lórí àga, ojú rẹ̀ fọ́. Túnjí gbé e lọ fún ẹnìkan tó ń tún un ṣe l'Óṣòdì, ọkùnrin kan tó máa ń fọ́nnu pé kò sí ohun tí òun kò lè ṣí. Nígbà tí Túnjí gbọ́ irú ẹni tó jẹ́, ó sáré pè mí, a sì jọ lọ gbà á padà. Ọkùnrin náà gbé e fún wa, ojú tuntun ń dán lára rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, ó ti okay. Àmọ́ fódà méjì kan wà níbẹ̀, seven àti four. Kí lẹ fi lock ẹ̀ gan-an? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jà á o."

Mo ní, "Ta ló ní kí o ṣí i?"

Ó họ orí. "Mo kàn fẹ́ try ẹ̀ ni, Mummy. E no gree."

Ẹ wo o, inú mi dùn! Mo rìn kọjá lábẹ́ afárá Òṣòdì bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ. Mo pe Bọ́láńlé láti ibẹ̀, ariwo ọjà kò sì jẹ́ kí ó gbọ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbọ́ "kò ṣí", ó sì rẹ́rìn-ín gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó gbé họ́ọ̀dù rẹ̀ padà wá bá mi. Mo ya oṣù keje, mo ya oṣù kẹjọ, mo ya ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìbímọ. Òkìkí wá kàn. Àwọn tó fi mí sílẹ̀ ń rán ẹlòmíràn sí mi, títí iṣẹ́ fi ju agbára mi lọ. Mo ti fi ilé fọ́tò náà sílẹ̀ fún Ṣèyí báyìí, mo jókòó sílé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọjọ́ wo ló dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ mi, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ Bọ́láńlé ni.

Obìnrin ló bí. Ènìyàn díẹ̀ ló wà ní pálọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Lẹ́yìn àdúrà, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, Bọ́láńlé sì jókòó tẹ tirẹ̀. Ó kan Túnjí, ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, fódà 7 ṣí. Fọ́tò àkọ́kọ́ yọ, ìkejì yọ, ikùn ń ga, ojú ń kún, Bọ́láńlé kan náà, níwájú ògiri kan náà. Pálọ̀ gba ariwo. Fúnkẹ́ ń sunkún, ó ń bẹ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lákọ̀tun. Màmá jó títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Èmi náà jó. Kí ni mo ń tijú fún?

Lọ́sàn-án, nígbà tí àlejò ti lọ, mo ń ká wáyà mi. Màmá jókòó, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ mi, ọdún mẹ́sàn-án tí o kò lóyún, oyún àkọ́kọ́ náà lo sì bí yìí. Ọlọ́run tóbi."

Bọ́láńlé fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó tẹ gbólóhùn kan tó gùn, fódà 4 sì ṣí. Mo fẹ́ jáde, ó ní kí n dúró. Ó yí i síwájú Màmá.

"Màmá, ẹ wò ó. Kì í ṣe àkọ́kọ́."

Màmá wo ikùn kékeré yẹn. Ó wo èkejì. Ó wo ẹ̀rín tó wà lójú Bọ́láńlé nínú méjèèjì, kò sì bi í pé níbo ni wọ́n wà, nítorí obìnrin ni òun náà. Ó gbé ọmọ fún mi. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó di ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú, ó sì ń sọ pé, "Èmi sì ń sọ ọ́ káàkiri. Èmi sì ń sọ ọ́ káàkiri." Bọ́láńlé jókòó tì í sórí ilẹ̀, àwọn méjèèjì sì sunkún tó wù wọ́n.

Nígbà tí ojú wọn gbẹ, Màmá ní, "Ẹ tì í padà. Eléyìí kì í ṣe fún ojú gbogbo ènìyàn. Fúnkẹ́ kò gbọ́dọ̀ rí i."

Bọ́láńlé ní kí n bá òun pa ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ó wá gbé kọ̀ǹpútà lé Màmá lẹ́sẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni kí ẹ fún un ní òmíràn, Màmá. Kí àwa méjèèjì jọ máa tọ́jú ẹ̀."

Màmá kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láyé rẹ̀. Ó fi ìka kan ṣoṣo wá álífábẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ gan-an nídìí rẹ̀, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kejì. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, ó fà mọ́ Bọ́láńlé, ó sọ ọ́ sí i létí. Bọ́láńlé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì tún ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi gbé ọmọ lọ sójú fèrèsé. Títí di òní olónìí, mi ò mọ ohun tí Màmá tẹ̀ síbẹ̀.